Iṣẹ́ eléwé ọmọ ní Ọjà Bódè: ẹ ra ìdì tútù, ẹ fi ìgò sílẹ̀

Ẹni tó bá wọ Ọjà Bódè ní Ìbàdàn, imú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé ìsọ̀ eléwé ọmọ. Ẹfinrin ń ta sánsán, kóríko ọba ń ta sánsán, èèpo igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn nílẹ̀ Yorùbá ló ń yà lọ́dọ̀ àwọn ìyá yìí kí wọ́n tó ronú kan dókítà, bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí láti ayé àwọn baba ńlá wa. Iṣẹ́ tó ní irú ọlá bẹ́ẹ̀ yẹ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹni tó fẹ́ náwó sí i mọ ibi tó dá a lójú àti ibi tó ti yẹ kó sá.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn èèyàn máa ń kó pọ̀. Eléwé ọmọ ń ta ewé tútù, èèpo, egbò àti èso. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín, ó di ìdì fún yín. Lékulẹ́ja ń ta ohun gbígbẹ: ẹ̀ẹ̀rù, ìyèré, kán-ún, awọ àti eegun ẹran, ẹyẹ tí wọ́n ti yan. Alágbo ní tirẹ̀ ti sè é tán, ó ti rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń gbé e kiri gáréèjì. A ò ní fi èrò wa pamọ́ títí dé ìsàlẹ̀: ìdì tútù tí ẹ fojú ara yín rí, tí ẹ óò sè nílé ara yín, owó yín kò ní ṣègbé lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ lékulẹ́ja, ẹ ra èròjà tí ẹ mọ̀ dunjú nìkan. Ìgò alágbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.

Eléwé ọmọ gidi kì í nawọ́ sí ewé kó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé oyún wà níkùn rẹ̀? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí, ṣé ojú rẹ̀ náà pọ́n? Ojú àti ìtọ̀ yìí ló fi ń mọ̀ bóyá ibà lásán ni tàbí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè bó ṣe ń sùn, ohun tó jẹ, ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́, àti ẹni tí yóò máa sè àgbo náà fún un. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni a fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Aláìsàn tí kò ní ẹni tó máa daná fún un, àgbo kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá tó gbọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni Dókítà Adéoyè Lambo lò ní Arọ́, l'Abẹ́òkúta, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń dà láàmú ń gbé láàrin ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, mọ̀lẹ́bí kan ń bá wọn gbé kó lè máa tọ́jú wọn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò sẹ́ni tó já aláìsàn kúrò láàrin èèyàn rẹ̀ kó tó wò ó. Ní ìsọ̀ ewé, ìbéèrè nípa ilé àti oorun ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, láìsí owó àyẹ̀wò kankan lórí rẹ̀.

Èyí tí kò bá bèèrè nǹkan kan, tó kàn fa ìdì kan yọ láti abẹ́ tábìlì, ẹ kúrò nídìí rẹ̀. Èyí tó bá sì ní gbogboǹṣe lòun ń tà, pé ó ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀sí àti ẹ̀yìn ríro lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdì ibà ni a ó fi yẹ ọjà wọn wò, nítorí kò sí ìsọ̀ tí wọn kì í ti í tà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú ìdì náà. Kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò bá yín tú u, yóò sì máa dárúkọ ewé bó ṣe ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèpo awọ́pa, tí àwọn kan ń pè ní dókítà igbó, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi èékánná ha inú rẹ̀. Inú awọ́pa gidi pọ́n rúsúrúsú bíi pupa inú ẹyin, àwọ̀ náà a sì dúró sí yín ní èékánná. Ẹ fi ahọ́n kàn án ṣín-ín: kíkorò rẹ̀ á pẹ́ lẹ́nu. Bí inú rẹ̀ bá ṣú bí igi ìdáná, bóyá kì í ṣe òun, bóyá ó sì ti pẹ́ nínú òjò. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ dá a padà. Ahùn ní tirẹ̀, bí èèpo rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀, oje funfun bíi wàrà á sun jáde. Etí ewé dongoyárò rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Ewé orúwo a máa dán lójú, ó sì korò. Kóríko ọba ò ní wàhálà, ẹ ṣáà fọwọ́ ra á kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá ta sánsán mọ́, ó ti gbó.

Ẹ wo àárín ìdì dáadáa, ibi tí okùn ti fún un. Ibẹ̀ ni èbu máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n wọ́n omi sí i kó má baà rọ, afẹ́fẹ́ kò sì dé ibẹ̀. Ẹ ó rí funfun tàbí àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú lójú èèpo, ẹ ó sì gbóòórùn bíi ti yàrá tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Fífọ̀ kò lè gba èyí là. Àwọn èbu kan ń fi májèlé sílẹ̀ tí iná kò lè pa, wọ́n sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló dára jù láti lọ, nígbà tí ẹrù láti oko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èènì náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ná an tán, ìyá á fẹ́ fi ìkúnwọ́ ewé kan lé e. Èènì dára lórí gààrí, ó dára lórí ẹ̀wà. Nínú àgbo, ewé tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe èènì. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ dúpẹ́ kí ẹ dá a padà. Èèpo igi gan-an ló ń bà wá lẹ́rù nínú èyí: èèpo ọ̀bọ̀ wà lọ́jà, wọ́n ń fi pa kòkòrò, ọkàn èèyàn ló sì máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ bí ó bá wọ inú. Èèpo gbígbẹ méjì lè jọra lójú ẹni tí kò dàgbà nídìí iṣẹ́ náà.

Sísè ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba owó ara wọn jẹ́. Ìdì tí àgbàlagbà kan máa lò fún ọjọ́ mẹ́ta kò gbọdọ̀ tóbi ju báyìí lọ: èèpo awọ́pa méjì tó tó àtẹ́lẹwọ́, ìkúnwọ́ kan ewé orúwo, ìkúnwọ́ kan ewé dongoyárò, kóríko ọba ìdì kékeré kan, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin tí a là sí méjì. Omi líítà 4. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ nínú omi méjì, torí iyanrìn àti eruku títì wà lára wọn. Èèpo ló ń lọ sísàlẹ̀ ìkòkò pẹ̀lú omi, kó hó fún 20 ìṣẹ́jú kí ewé tó wọ̀ ọ́. Ewé àti ọsàn kò gbọdọ̀ lò ju 10 sí 15 ìṣẹ́jú lọ, ọmọrí sì gbọ́dọ̀ dé ìkòkò dáadáa. Ohun tó ń ta sánsán lára kóríko ọba ń bá ooru lọ bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ewé rẹ̀ á ti jinná di ẹrẹ̀ kí èèpo tó sọ ohun inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkòkò wo? Ìkòkò amọ̀, tàbí èyí tí kì í dípẹtà. Ìkòkò irin funfun, ìyẹn alumíníọ́mù, tí wọ́n rọ ní abẹ́lé, ẹ má fi se àgbo tó ní ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omidùn nínú. Kíkan wọn ń jẹ irin náà, ohun tí wọ́n sì yọ́ pọ̀ láti rọ ọ́ lè ní òjé nínú. Inú àgbo ni òjé yẹn máa bọ́ sí. Bí inú ìkòkò yín bá ń dán lẹ́yìn tí ẹ se àgbo tán ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ, inú àgbo yẹn ni ìdọ̀tí ara rẹ̀ lọ.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ife kékeré, bíi 150 ml, láàárọ̀ àti lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ni ìwọ̀n tí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò gbọdọ̀ kọjá. Èyí tó kù wà fún wíwẹ̀ àti fún ooru. Ẹni tó fẹ́ fi ooru rẹ̀ làágùn, kó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, kó dúró fún ìṣẹ́jú 5, kó tó fi aṣọ borí. Ẹ má bo ọmọdé mọ́ ìkòkò gbígbóná láé. Ọmọ á ta ẹsẹ̀, ìkòkò á sì dà lé e.

Lẹ́yìn náà ni àtúnsè. Ìkòkò tí wọ́n gbé kaná lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n ṣì ń bu mu lọ́jọ́ Ẹtì, kì í ṣe oògùn kan náà mọ́. Omi ń gbẹ lójoojúmọ́, èèpo ṣì ń tú sínú èyí tó kù. Ife ọjọ́ karùn-ún lè le ju ti ọjọ́ kìíní lọ dáadáa, ẹnu aláìsàn sì ti mọ́ kíkorò rẹ̀ tí kò fi fura. Bí wọ́n bá bu omi tútù kún un tí wọn kò sì jẹ́ kó hó, kòkòrò á gbilẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú. Ọjọ́ mẹ́ta ni, kó máa hó dáadáa lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn náà ẹ dà á nù.

Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní ìsọ̀: oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Òótọ́ ni lẹ́nu ẹni tó mọ ewé. Lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tajà, ìdì kan á di méjì, méjì á di mẹ́ta, àìsàn á sì máa gbòòrò sí i. Kí ibà tó gba ewé kankan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á gún yín níka, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan ni, èsì á sì jáde láàrin 15 sí 20 ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ kòkòrò ibà ló wà níbẹ̀, ACT, ìyẹn oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó tán. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí àgbo jẹ́ ti wíwẹ̀, ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ oògùn. Bí àyẹ̀wò bá sì ní kì í ṣe ibà, nǹkan míì ló ń gbóná ara, a jẹ́ pé ìdì ibà kọ́ ló máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé le ju èyí lọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀, a kì í rọ ọ́ ní àgbo. Ọmọ tó gan, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí kò lè mu ọmú tàbí tí kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àgbo tútù kan wà tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì mú: ewé tábà, aáyù, ẹfinrin, omi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti ìtọ̀ màlúù. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ bá já wálẹ̀ á tún gan. Àwọn tó dúró tì í á ní gìrì náà kò tíì lọ, wọ́n á tún rọ ọ́. Báyìí ni ọmọ tí kò yẹ kó kú ṣe ń kú lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé. Eléwé ọmọ tó bá tà á fún yín, bó ti wù kó ní sùúrù tó, a ò lè yìn ín.

Aboyún, ẹ má mu ìdì ibà. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó ṣọ́ra fún àgbo tí ewúro bá pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ewúro náà lè fa ṣúgà wálẹ̀, méjèèjì á sì pàdé nínú ara kan. Asofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tàbí tí orí rẹ̀ dàrú, ní reserpine nínú, ohun kan náà tí wọ́n fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé iṣẹ́ oògùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, ìdí tó fi léwu nìyẹn. Ẹni tó ti gbé oògùn dókítà mì láàárọ̀ tó tún mu ún, bó bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òyì lè kọ́ ọ kó ṣubú. Bó bá sì mu ún pẹ́, ó lè mú kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ mu àgbo, kí ẹ sì dárúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ lékulẹ́ja kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀rù, ìyèré, kànáfùrù àti ata ilẹ̀ gbígbẹ wọn sábà máa ń dára, bó bá ti gbẹ kan-an tí kòkòrò kò jẹ ẹ́. Ohun tó yẹ kó fu yín lára ni ọjà gbígbẹ tí kòkòrò kankan kò sún mọ́ rárá, tó sì ń rùn bí oògùn apakòkòrò. Àwọn oníṣòwò kan ń da DDVP, oògùn apakòkòrò olóró kan, sórí ọjà gbígbẹ. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa èyí tó wà nínú ìgò kékeré 100 ml ní gbangba ọjà ní 2019. Síse kò sọ ohun tó ní in lára di oúnjẹ.

Ìgò wàyí. Ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi sè é, ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n sè é, ìgò náà ti gbé ohun mìíràn rí, ife kan ṣoṣo ni gbogbo gáréèjì sì ń pín mu. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, páráńga àti ọ̀pá ẹ̀yìn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ló burú jù. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí methanol, irú ọtí olóró tí kì í ṣe mímu, wà nínú rẹ̀. Ojú àwọn kan ṣú kí wọ́n tó kú. Methanol kò yàtọ̀ sí ọtí lójú, kò sì yàtọ̀ lẹ́nu. Inú ara ló ti ń yí padà di májèlé tó ń jẹ iṣan ojú, kíkorò ewé sì bo ìwọ̀nba ohun tí ẹnu ì bá fi fura. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ìgò náà ń fúnni ní ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí tó ń jáde. Omi ara ló ń jáde. Ẹni tó bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kó lọ ṣàyẹ̀wò, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí.

Èyí tí wọ́n dì sínú páálí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, sàn ju ìgò títì lọ. Ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà: lẹ́tà L túmọ̀ sí pé wọ́n kọ orúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni. NAFDAC kò tíì sọ pé ó ń wo àrùn tí páálí ń pariwo, wọ́n sì máa ń kọ ìkìlọ̀ yẹn sí ara páálí náà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Bí a bá ní ká fi ìràwọ̀ dá wọn lọ́lá, eléwé ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ gba mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìràwọ̀ karùn-ún bọ́ sọnù nítorí èèpo. Èèpo awọ́pa tó ń wá sọ́jà ń tínrín sí i, àmì pé igi kékeré ni wọ́n ń bó. A kì í bó èèpo yí igi po; oúnjẹ igi inú èèpo yẹn ló ń gbà kọjá lọ sí gbòǹgbò, igi tí wọ́n bá sì bó yí ká yóò kú lórí ìdúró. Ẹ bèèrè ibi tí ẹrù ti wá, kí ẹ sì ra lọ́wọ́ ẹni tó lè dáhùn. Lékulẹ́ja gba mẹ́ta. Ìgò kò gba nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ewé kan mọ̀ dájú, kó ká ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó tàbí èso lára, kó tẹ́ ẹ sáàrin ìwé ìròyìn gbígbẹ, kó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, ní Jericho, Ìbàdàn. Ewé kan ṣoṣo tó ti rọ kò tó fún wọn. Ní ti ìkòkò amọ̀ tí ẹ fi se àgbo, iyanrìn kíkúnná àti omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Amọ̀ ń fa ọṣẹ mu, inú àgbo tó bá tẹ̀ lé e ni ọṣẹ náà máa tú sí.